Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Òkú Ìjà, àti Ohun Tí Ìṣirò Náà Ń Sọ fún Ará Ìbàdàn

Nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ìwé ìròyìn ni àwọn tó ń ṣe é ń kà, òkú sì ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Nigeria Watch ni orúkọ àkójọ náà; IFRA, ilé ìwádìí àwọn Faransé tó ti wà ní yunifásítì náà láti ọdún 1990, ló gbà á sílé. Láti oṣù June ọdún 2006 ni àkójọ yìí ti ń kọ ikú oró tó ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, iye ẹni tó bá a lọ, ohun tó dá a sílẹ̀, àti àwọn tó lọ́wọ́ sí i. Ogun wà nínú rẹ̀, ìjà òṣèlú wà nínú rẹ̀. Ìjà ilẹ̀, ìdigunjalè àti ìjàǹbá ọkọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Yóò ya ẹni tó bá rò pé ìbọn àwọn agbébọn nìkan ló ń pa wá lẹ́nu láti rí i pé ìjàǹbá ojú títì wà lára ohun tó ń gba ẹ̀mí jù nínú àkójọ náà.

Irú àkójọ báyìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ní ọjọ́ 31 oṣù October ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump ti Amẹ́ríkà kéde pé Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ òmìnira ẹ̀sìn wọn ń kọ ìjọba òun lóminú, ó ní wọ́n ń pa àwọn Kristẹni nípakúpa. Ìjọba Nàìjíríà fèsì pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹlẹ́sìn gbogbo ni ìjà náà ń pa. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ààbò lórí rédíò àárọ̀ ní Ìbàdàn, ẹnì kan á pè wọlé, á ka iye òkú fún wa. Ẹlòmíràn á pè, á ka tirẹ̀, iye méjèèjì kì í sì í bára mu. Ọ̀rọ̀ ìdìbò ọdún 2027 tún da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni ibi tí irú iye bẹ́ẹ̀ ti ń wá, àti ohun tí àwọn tó fi ọjọ́ ayé wọn ṣe ìṣirò ogun rí nípa ohun tó ń fà á, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí kò bá ohun tí a máa ń sọ fún ara wa mu.

Ẹ jẹ́ ká wo bí òkú ṣe ń di nọ́ńbà. Ká ní ìjà ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì kan ní alẹ́ Sátidé. Ìwé ìròyìn kan tó jáde ní ọjọ́ Ajé kọ ọ́ pé èèyàn márùn-ún ló kú. Òmíràn kọ mọ́kànlá, nítorí pé ẹnu àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ló ti gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta gbé ọ̀rọ̀ agbẹnusọ ọlọ́pàá, ìyẹn sì ní ẹni méjì péré ni. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kọ. Ṣé iye tó kéré jù ni yóò mú ni, àbí èyí tó pọ̀ jù, àbí àárín wọn? Ọmọkùnrin tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn, tó dákẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, tí akọ̀ròyìn kankan kò sì padà wá béèrè rẹ̀, ṣé yóò kà á mọ́ ọn? Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tó le jù yóò wá dé. Àwọn tó jà ní gáréèjì yẹn, ṣé owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń jà lé lórí, àbí olóṣèlú méjì tí wọ́n ń tẹ̀ lé ló rán wọn níṣẹ́? Bí akọ̀wé náà bá fi wọ́n sábẹ́ òṣèlú, ọdún yẹn yóò di ọdún jàgídíjàgan òṣèlú nínú ìwé ìwádìí. Bí ó bá fi wọ́n sábẹ́ ìjà ẹgbẹ́, òṣèlú ọdún náà yóò dà bí èyí tó tutù. Nígbà tí ó bá fi máa di ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ lórí bébà, kò sí ẹni tí yóò rí iyàn tó wà nídìí rẹ̀ mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àwọn òkú ti nira. Ìwé ìròyìn máa ń dárúkọ abúlé tí wọ́n kọlù, kì í sábà sọ ẹ̀sìn ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kú níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pín òkú ní ti ẹ̀sìn ní láti wo orúkọ, kó wo àdúgbò, kó sì fojú dá a. Ìfojúdá lè bọ́ sí i, ó sì lè tàsé, ó sì yẹ kí ẹni tó ń kà á lórí afẹ́fẹ́ mọ̀ pé ìfojúdá ni.

Àwọn tó ń ka òkú lágbàáyé tún máa ń fa ìlà sílẹ̀. Ní Yunifásítì Uppsala ní orílẹ̀-èdè Sweden, tí àkójọ rẹ̀ wà lára èyí tí àwọn olùwádìí ń lò jù, ìjà tí ìjọba bá jẹ́ apá kan rẹ̀ kò tíì wọ ìwé àfi bó bá pa èèyàn 25, ó kéré tán, láàárín ọdún kan. Ìgbà tí òkú bá pé 1,000 ni wọ́n tó ń pè é ní ogun. Nínú ìṣirò wọn fún ọdún 2024, irú ìjà bẹ́ẹ̀ jẹ́ 61 ní orílẹ̀-èdè 36, iye tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún 1946 tí àkójọ náà ti ka ìjà dé, 11 nínú wọn ló sì tó ogun. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ìlà tí wọ́n fà, nítorí ibì kan ni èèyàn yóò kúkú fa ìlà sí. Ṣùgbọ́n ìjà tó pa ẹni 24 kò sí nínú 61 yẹn, ẹni 24 yẹn sì ní ìyá.

Ará Ìbàdàn ní ìdí tirẹ̀ láti bìkítà nípa ìlà yìí. Ní ọdún 1963, J. David Singer bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà láti kó gbogbo ogun ayé jọ láti ọdún 1816, kí wọ́n lè fi ìṣirò wá ohun tó ń fà á. Ìlànà wọn ni pé, ṣáájú ọdún 1920, ìlú kan kì í ṣe orílẹ̀-èdè àfi bí èèyàn inú rẹ̀ bá tó 500,000, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé sì ní aṣojú níbẹ̀. Ẹ wá ro ti Kírìjì wò. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí Ààrẹ Látòóṣà, olórí ogun Ìbàdàn, bá lọ ní ọdún 1885, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lé lórí ní ọdún 1886, síbẹ̀ tí àwọn jagunjagun kò fi ibùdó ogun sílẹ̀ pátápátá títí di ọdún 1893, kò lè wọ inú àkójọ ogun láàárín orílẹ̀-èdè lábẹ́ ìlànà yẹn, nítorí pé Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ kì í ṣe orílẹ̀-èdè lójú ẹni tó ń kà á. Àwọn tó ń ṣe àkójọ náà fúnra wọn rí àléébù yìí, wọ́n sì ṣí abala ọ̀tọ̀ lẹ́yìn náà fún ogun àwọn tí kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan bá ní òun ti ṣe ìṣirò ohun tó ń mú kí ìlú gbógun ti ìlú, ohùn àwọn baba ńlá wa kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn tó ti kọ́kọ́ gbé ogun ka orí òṣùwọ̀n ṣáájú ìgbà yẹn ni Lewis Fry Richardson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìmọ̀ ojú ọjọ́ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́sìn Quaker ni, àwọn Kristẹni tí kì í bá wọn lọ́wọ́ sí ogun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló ń wà ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1920, nígbà tí wọ́n fi ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ sábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú àti ti ogun, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo ìjà tó ti pa èèyàn láti nǹkan bí ọdún 1820 síra wọn gẹ́gẹ́ bí òkú wọn ṣe pọ̀ tó, ìpele kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1953. Ọdún 1960 ni ìwé tó kọ lórí rẹ̀ tó jáde.

Ohun mẹ́ta nínú ohun tí Richardson rí ni kò yé kó mi láyà sókè. Àkọ́kọ́ ni pé iye ogun tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan dà bí òjò àkọ́rọ̀ tó ń kán sórí páànù: ọdún kan lè má ní ẹyọ kan, òmíràn lè ní méjì tàbí mẹ́ta, kò sì sí ìlànà tí a lè fi mọ èyí tó kàn, yàtọ̀ sí pé àpapọ̀ wọn ń bá ìṣirò èèṣì mu. Ìkejì ni pé orílẹ̀-èdè tí ààlà rẹ̀ bá kan aládùúgbò púpọ̀ ni ogun rẹ̀ máa ń pọ̀. Ìkẹta ni pé, lápapọ̀, sísọ èdè kan náà kò dá ogun dúró. Nípa ogun láàárín orílẹ̀-èdè, àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ rí ohun kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ìyókù lọ: àwọn orílẹ̀-èdè méjì tó ń ṣe ìjọba tiwantiwa kì í sábà gbógun ti ara wọn. Àwọn kan ní òwò ló fà á, àwọn kan ní ìdìbò ni, iyàn náà kò tíì tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè yẹn ni mo fẹ́ dúró lé. Bí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni pé ẹ̀yà wa ti pọ̀ jù, pé àwọn òyìnbó ló so ohun tí kò ṣeé so pọ̀. Ní ọdún 2003, James Fearon àti David Laitin gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ogun abẹ́lé tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 1945 sí 1999, ogun 127 lápapọ̀. Wọ́n rí i pé bí a bá ti fi ipò ọrọ̀ orílẹ̀-èdè sínú ìṣirò, orílẹ̀-èdè tí ẹ̀yà àti ẹ̀sìn rẹ̀ pọ̀ kò ní ogun abẹ́lé ju èyí tó jẹ́ ẹ̀yà kan lọ. Ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ogun ni òṣì, ìjọba tí ọwọ́ rẹ̀ kò ká ilẹ̀ rẹ̀, orí òkè tí ọlọ̀tẹ̀ lè sá pa mọ́ sí, àti ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àlééfà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2010, Lars-Erik Cederman, Andreas Wimmer àti Brian Min tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, wọn kò ka iye ẹ̀yà, ẹni tó jókòó sídìí àkàrà nínú ìjọba àti ẹni tí wọ́n tì sóde ni wọ́n kà. Ẹ̀yà tí wọ́n bá yọ kúrò nínú agbára, pàápàá èyí tí agbára ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó máa ń gbé ìbọn jù. Lójú tèmi, ìwádìí méjèèjì yìí kò tako ara wọn tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Pé a pọ̀ níye kò pa ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń pín àga ni kí a máa wò.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn kò nílò kọ̀ǹpútà láti gba èyí gbọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù May ọdún 1962, nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní ìlú yìí, àga ni àwọn aṣòfin fi ń ju ara wọn, ọlọ́pàá sì yin tajútajú lé wọn jáde. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù October ọdún 1965 ni wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti ọkọ̀ ọmọlàkejì, tí wọ́n ń kígbe wẹ́ẹ̀tì, títí tí àwọn ológun fi gba ìjọba ní oṣù January ọdún 1966. Ọmọ Yorùbá ló sun ilé ọmọ Yorùbá. Èdè kan náà ni wọ́n fi ń kígbe, oríkì tí wọ́n ń kì sì lè jẹ́ ti ilé kan náà. Agbára tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, àti ìbò tí wọ́n gbà pé wọ́n jí gbé, ni wọ́n ń jà lé lórí. Kírìjì náà kò yàtọ̀: ìnira àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi jẹ lé àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lórí ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí tó pa ajẹ́lẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìjà tó jọ ti ẹ̀yà lóòótọ́, ti ọjà Ṣáṣá ní oṣù February ọdún 2021. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ìgbà náà, ẹrù tòmátì tí alábàárù kan dà sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe tó dá sí i ló kú, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ọ̀rọ̀ di bí o ò lọ yàgò fún mi, ilé àti ìsọ̀ Hausa àti Yorùbá jóná, ọ̀pọ̀ sì kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí oníkálùkù gbé jáde kò bára mu. Kí oṣù náà tó parí, àwọn oníṣòwò láti Òkè Ọya ti dá ọkọ̀ oúnjẹ tó ń bọ̀ wá sí Gúúsù dúró, a sì rí i nínú owó ata àti ẹran.

Ẹni tó bá wo Ṣáṣá nìkan yóò ní Hausa àti Yorùbá kò lè gbé pọ̀. Olùṣírò yóò béèrè pé ibo ni kò jóná? Láti ọdún 1916 ni Sábó, àdúgbò àwọn Hausa, ti wà ní Ìbàdàn, Hausa àti Yorùbá sì ti ń tajà fún ara wọn níbẹ̀ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ìjà ni kí a máa ka ibi tó jóná ṣoṣo. Ashutosh Varshney yẹra fún un ní Íńdíà, nígbà tó kó òkú ìjà Híńdù àti Mùsùlùmí jọ láti ọdún 1950 sí 1995. Ó rí i pé ìlú mẹ́jọ péré ló ni nǹkan bí ìdajì òkú náà, àwọn abúlé kò sì ní tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wá mú ìlú tó máa ń jóná, ó fi wé ìlú tó jọ ọ́ tí kì í jóná. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹgbẹ́: níbi tí Híńdù àti Mùsùlùmí bá ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ oníṣòwò kan, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan, àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ń pa àhesọ kó tó di iná. Kíkí ara ẹni láàárọ̀ nìkan kò tó ní ìlú ńlá.

Ọ̀rọ̀ òṣì ní ìdíwọ́ tirẹ̀. Òṣì ń bí ogun, ogun náà ń bí òṣì, báwo ni a ṣe fẹ́ mọ èyí tó ṣáájú? Ní ọdún 2004, Edward Miguel, Shanker Satyanath àti Ernest Sergenti gba ọ̀nà òjò. Ogun kò lè dá òjò dúró. Bí òjò bá kọ̀ tí irè oko bá pòfo, tí ìjà sì tẹ̀ lé e, a mọ̀ pé ìjà kọ́ ló fa ọ̀dá. Ìṣirò wọn lórí orílẹ̀-èdè 41 ní Áfíríkà, láti ọdún 1981 sí 1999, fi hàn pé bí ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé bá já wálẹ̀ ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, bí ogun abẹ́lé ṣe ṣeé ṣe tó ní ọdún tó tẹ̀ lé e yóò fi ìdajì gòkè. Ká ní nínú ọgọ́rùn-ún ni a retí 20 tẹ́lẹ̀, yóò di 30. Antonio Ciccone ta kò ó ní ọdún 2011, ó ní ọ̀nà tí wọ́n gbà wọn òjò ló mú kó rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà. Oeindrila Dube àti Juan Vargas rí i níbẹ̀ pé nígbà tí owó kọfí já wálẹ̀, ìjà pọ̀ sí i ní àdúgbò àwọn oníkọfí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì gòkè, ìjà pọ̀ sí i ní àdúgbò tí epo wà. Kọfí ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀, bí kò bá lówó lórí mọ́, ọ̀dọ́ á ya sídìí ìbọn; epo kò gba òṣìṣẹ́ púpọ̀, owó rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ní ìbọn ń fẹ́ já gbà. Mi ò lè ka èyí kí n má rántí Àgbẹ̀kọ̀yà. Àwọn àgbẹ̀ oníkòkó tó dìde ní abúlé Ìbàdàn ní ọdún 1968 sí 1969, tí wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, owó orí tó wúwo lórí ẹni tí kòkó kò fi bẹ́ẹ̀ mú owó wálé fún ni wọ́n ń jà lé lórí. Nígbà tí wọ́n dín owó orí kù, ìjà náà rọlẹ̀.

Ǹjẹ́ gbogbo èyí lè sọ fún wa bóyá ìjà máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan? Ní ọdún 2010, Michael Ward, Brian Greenhill àti Kristin Bakke mú àwọn ìwádìí ogun abẹ́lé tó lókìkí jù, wọ́n dán wọn wò bóyá wọ́n lè sọ ibi tí ogun yóò ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn ohun tí ìwádìí náà ń pè ní okùnfà tó dájú kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìsọtẹ́lẹ̀. Ogun ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ń sọ lóṣooṣù pé ogun kò ní ṣẹlẹ̀ yóò máa gbà á ní ọ̀pọ̀ ìgbà láìmọ nǹkan kan. Uppsala ń ṣe iṣẹ́ ìsọtẹ́lẹ̀ kan báyìí tí wọ́n ń pè ní ViEWS, Håvard Hegre ló ṣáájú rẹ̀. Ó ń sọ bí ìjà ṣe ṣeé ṣe tó lóṣooṣù, títí dé oṣù 36 níwájú, ó sì pín ilẹ̀ Áfíríkà sí àpótí tí ìbú kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 55. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, pàápàá nítorí pé àwọn tó ń ṣe é ń gbé àṣìṣe wọn síta. Ṣùgbọ́n Ṣáṣá, Sábó àti Mọ́lété lè wà nínú àpótí kan ṣoṣo.

Ní oṣù tó kọjá, ní ọjà kan nínú ìlú yìí, mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọlanke alábàárù kan gbá agbọ̀n ata rodo obìnrin kan. Ata ya sínú ẹrẹ̀. Obìnrin náà di ọmọkùnrin náà ní ẹ̀wù mú, ó ń kígbe, ọmọkùnrin náà ń fi Hausa bẹ̀bẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ méjì sì ti ń ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn aláta rọra dìde lórí àpótí tó jókòó lé, ó ní kí wọ́n lọ pe olórí alábàárù wá. Ọkùnrin náà dé, Yorùbá tó ń sọ dán ju tèmi lọ. Wọ́n ka ata tó bàjẹ́, wọ́n dá owó lé e, wọ́n ní kí ọmọkùnrin náà san ìdajì, kí ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta bá obìnrin náà gbé ẹrù lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin náà kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ata tó ṣì dára sínú agbọ̀n, ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a ṣà á. Kò sí akọ̀ròyìn níbẹ̀. Nínú àkójọ gbogbo tí mo ti dárúkọ, òdo ni wọ́n kọ fún Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn, òdo kan náà tí wọ́n ń kọ fún ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni jà.